A Sunkún fún Aṣebi Inú Fíìmù, A Lé Ọmọ Ilé Dìde Lórí Ẹní



Ẹ̀kọ́ oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn tí a ti ń ṣe bọ̀. Inú fíìmù kàtúùnù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a tó dé inú kítáábù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àáfà ti di òǹwòran fíìmù. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á dé òpin.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó wálé sí Ìwéré-Ilé gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sí ibi tí a ti ń ṣe àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, àwọn ọ̀dọ́ rọ̀gbà yí i ká, ó sì fi kàtúùnù kan hàn wọ́n tí kò gùn tó ìdajì wákàtí. Ìtàn Batman ni, akọni tó ń múra bí àdán, tó ń gbógun ti àwọn ọ̀daràn lóru. Ṣùgbọ́n akọni yẹn kọ́ ni ọkàn àwọn ọmọ wa fà sí. Ẹni tí wọ́n máa ń pè ní "bọ́ọ̀sì", ìyẹn olórí aṣebi inú fíìmù, ni àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ọmọbìnrin kan fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ọmọkùnrin kan ní, "Àáfà, ká ní èmi ni wọ́n ṣe báyìí fún, ohun tí ǹ bá ṣe ì bá ju èyí lọ." A kò dá a lóhùn. Ká má parọ́, àánú ọkùnrin náà ṣe àwa pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lórí ẹní kan náà. Òun gan-an ló mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n sunkún fún.

Aṣebi tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọdún 1939 ni Batman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìtàn alàwòrán ní Amẹ́ríkà. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1959, àwọn tó ń kọ ìtàn náà mú ọ̀daràn kan wọlé tí wọ́n sọ ní Mr. Zero. Ìbọn tó ń sọ nǹkan di yìnyín ló fi ń jalè, ara rẹ̀ kò sì gba ooru mọ́, àfi òtútù. Ìdí wo ló fi ń jalè? Kò sí ìdí kan tó kọjá pé olè ni. Nígbà tí Batman di eré tẹlifíṣọ̀n ní 1966, wọ́n yí orúkọ ọkùnrin yìí padà sí Mr. Freeze, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Eléré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é nínú eré náà, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ń ka àwọn ọ̀tá Batman tó lórúkọ, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ka tirẹ̀ sí.

Ní oṣù September ọdún 1992, kàtúùnù Batman tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n fi apá kan hàn tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Heart of Ice", ìyẹn ni pé ọkàn tó di yìnyín. Paul Dini ló kọ ọ́, Bruce Timm ló darí rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé wọ́n bi olè náà léèrè ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni tẹ́lẹ̀, Victor Fries lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Nora, ń ṣàìsàn tí kò gbóògùn. Victor fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ sínú òtútù, kí ó máa sùn níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí oògùn àìsàn náà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́ pé owó ń bá a lọ, ó kó àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Victor bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Victor gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kan láti fi dáàbò bo ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá wá fi ẹnu dídùn tù ú, ṣùgbọ́n bí ó ti rẹ ìbọn sílẹ̀ ni ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ta á sáàárín àwọn kẹ́míkà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gbé níta òtútù mọ́, àfi bí ó bá wọ aṣọ irin tó ń mú ara rẹ̀ tutù. Ó gbà pé ìyàwó òun ti lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀san. Ọ̀gá yẹn ńkọ́? Àmì ẹ̀yẹ aláàánú èèyàn ni wọ́n ń fún un nígboro.

Bí àwọn òǹwòran ṣe gbà á

Eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bùn Emmy ti ìkọ̀tàn. Títí di òní, bí àwọn olólùfẹ́ kàtúùnù yẹn bá ń ka apá tó dára jù, apá yìí kì í gbẹ́yìn. Àwọn ìwé alàwòrán tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá pàápàá ju ìtàn àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n gba ti kàtúùnù. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù ńlá Batman & Robin ní 1997, tí Arnold Schwarzenegger sì ṣe Mr. Freeze, ìtàn ìyàwó inú yìnyín ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwọn olólùfẹ́ kò dùn, wọ́n ní wọ́n tún ti sọ ọ́ di aláwàdà.

Ní 2012, Scott Snyder àti James Tynion IV tún ìtàn náà kọ nínú ìwé alàwòrán. Wọ́n ní Nora kì í ṣe ìyàwó Victor rárá. Obìnrin kan ni tí wọ́n ti gbé sínú yìnyín tipẹ́tipẹ́, Victor ló kàn ń fọkàn ara rẹ̀ sọ ọ́ di aya. Ọ̀rọ̀ dàrú. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ọ̀daràn náà tún ń bani. Àwọn mìíràn fárí gá, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tó mú wa káàánú ọkùnrin yìí ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di 2019, ìyàwó rẹ̀ ni Nora tún ń jẹ́ nínú ìwé náà, ó sì ti jí nínú oorun yìnyín.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Àwọn àgbàlagbà ń jà lórí aya tí a kò bí rí àti ọkọ tí a kò bí rí. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni. Fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, tó jáde ní 2022, ní Òkè-Ògùn wa níbí náà ni wọ́n ti ya á, ní Ìgbòjáyè. Ṣé ẹ rántí ariwo tó sọ nípa Ṣàró àti Arólákẹ́? Àwọn kan ní Ṣàró ló dalẹ̀, àwọn kan ní obìnrin náà ló dà á. Ojú ọjà ni wọ́n ti ń bára wọn jà.

Ohun tó ń mú èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú òwe àwọn bàbá wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti 1959 títí di 1992, ẹjọ́ apá kan ni wọ́n ń gbọ́ nípa ọkùnrin oníyìnyín yìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ apá kejì, ojú ti ọ̀pọ̀ èèyàn pé àwọn ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Èyí dára. Ẹni tó bá kọ́ láti béèrè pé "kí ló fà á?" ti kọ́ nǹkan kan nínú ìdájọ́ òdodo.

Apá kẹta tí a gbàgbé

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wa tó ní ohun tí òun ì bá ṣe ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹjọ́ Mr. Freeze nìkan ni òun náà gbọ́, ó sì ti dá a.

Nínú kàtúùnù kan náà, Mr. Freeze ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jà, yìnyín ìbọn rẹ̀ bá ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ náà gan. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Batman tí í ṣe ọ̀tá wọn ló gbé ọmọ iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo àwọn tó nu ojú lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rántí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ yìnyín yìí. Ṣé òun kò níyàwó nílé?

Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú eré náà ni ohun tí Batman ṣe nígbẹ̀yìn. Òtútù ń mú un lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún un ló fi ṣẹ́gun ọkùnrin oníyìnyín. Lẹ́yìn èyí ló mú fídíò tó fi ìkà ọ̀gá ilé iṣẹ́ hàn, ó fi lé oníròyìn lọ́wọ́ ní ojú gbogbo èèyàn. Kò sọ pé torí wọ́n ti ṣẹ Victor, kí ó máa pa èèyàn kiri. Kò sì sọ pé torí Victor ti di ọ̀daràn, kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ máa gba àmì ẹ̀yẹ lọ. Ẹjọ́ méjì ni, ó dá méjèèjì.

Ìdí tí a fi ṣe ibi yàtọ̀ sí àwáwí. Ẹ wo ìtàn tí gbogbo ọmọ kéú mọ̀, nínú Súrátù Al-A'raf. Ìbìlísì ṣẹ̀, Ànábì Ádámà náà ṣẹ̀. Nígbà tí a bi Ìbìlísì, ó ní ìdí tó fi ṣe é, ó sọ ohun tí a fi dá òun àti ohun tí a fi dá Ádámà. Ádámà àti aya rẹ̀ kò mú àwáwí kankan wá. Wọ́n gbà pé àwọn ni àwọn ṣe àbòsí sí ara àwọn, wọ́n sì tọrọ àforíjìn. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe parí.

Bí aṣebi bá fẹ́ yí padà ńkọ́?

Ní 1999, àwọn tó ń ṣe kàtúùnù wọ̀nyí dáhùn ìbéèrè yìí nínú Batman Beyond, eré tó ń sọ nípa ìgbà tí Batman ti darúgbó, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gba iṣẹ́ náà. Nínú apá kan tí wọ́n pè ní "Meltdown", wọ́n fún Mr. Freeze ní ara tuntun tó gba ooru. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ aya rẹ̀, láti fi ran àwọn tí ó ti ṣe ní ìkà lọ́wọ́. Ẹnì kan tí ìkà rẹ̀ ti dé ilé wọn wá láti pa á. Batman àgbà ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin nìkan ló gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, ara tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn tó fún un sì fẹ́ pa á nítorí ìwádìí wọn. Ó padà sídìí ẹ̀san, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Apá yìí dun àwọn tó ti fẹ́ràn rẹ̀ láti 1992, nítorí wọ́n rí i pé ó kù díẹ̀ kí ó yege.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹní wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ni a fi owó wọlímọ̀ sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ méje ló fẹ́ ṣe wọlímọ̀ lọ́dún náà. Ó ku oṣù kan, a kò rí i mọ́, a kò sì rí owó. A gbọ́ pé ó ti ré ẹnubodè kọjá sí ilẹ̀ Benin. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ta ewúrẹ́ mẹ́ta kó tó rí owó tirẹ̀ san. Ewúrẹ́ lọ, owó lọ, ọmọ kò sì wọ aṣọ wọlímọ̀ lọ́dún yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn kàtúùnù, ọmọkùnrin yìí wọlé dé sáàárín àsàlátù. Ó rù, ó kí wa, ó jókòó sí etí ẹní. Kíá ni ariwo sọ. Ọmọbìnrin tó nu ojú nítorí Mr. Freeze ní, "Àáfà, bí ó bá jókòó, èmi ó dìde." Ọmọkùnrin tó ní òun ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fa ẹní kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Àwa tí wọ́n ń pè ní olùkọ́ ńkọ́? A kò la ẹnu wa. Ẹ̀bi tiwa ju tiwọn lọ.

Wahshi àti ọ̀kọ̀ rẹ̀

Oorun kò kùn wá lóru ọjọ́ náà. Ìtàn Wahshi ló ń sọ sí wa lọ́kàn.

Ẹrú ni Wahshi ní Mẹ́kà. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé bí ó bá pa Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), yóò di òmìnira. Ní ogun Uhud, ọdún 3 lẹ́yìn Hijra, ó lúgọ, ó sọ ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó sì pa á. Bí a bá fẹ́ wá ìdí fún un, ìdí wà. Ta ni kò fẹ́ bọ́ lóko ẹrú? Síbẹ̀, Hamza ti kú, ọkàn Ànábì sì gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Wahshi wá gba Ìsìláàmù. Ànábì gbà á, kò lé e, kò sì gba ẹ̀san. Ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ó lè máa fi ojú pamọ́ fún òun. Ẹ ronú sí èyí. A ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó túúbá, a kò sì fi ipá mú ẹni tí a pa èèyàn rẹ̀ láti máa wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Wahshi gbà bẹ́ẹ̀, kò bínú kúrò nínú ẹ̀sìn. Nígbà tí Ànábì ti jáde láyé, tí àwọn Mùsùlùmí lọ bá Musaylima òpùrọ́ jà ní Yamama, Wahshi gbé ọ̀kọ̀ tó fi pa Hamza, ó sọ ọ́ lu Musaylima.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sílé ọmọkùnrin náà. A béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í láti ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àáfà, ẹ ò rántí pé bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà yẹn? Mo ní ma dá a padà. Bàbá kú, owó tán, ojú tì mí." Gbogbo wa la lọ síbi òkú bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

A gbọ́, a káàánú rẹ̀. A sì sọ fún un pé, "Ìdí rẹ yé wa. Ewúrẹ́ mẹ́ta ìyá yẹn ńkọ́?" Ó wọlé, ó mú owó kan jáde nínú ọ̀rá. Kò tó ìdajì gbèsè tó jẹ. A jọ lọ bá ìyá náà. Ìyá kà á, ó pa á mọ́, ó ní, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ. Kí Ọlọ́hun kẹ́ bàbá rẹ. Mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi owó ẹgbẹ́ sí i lọ́wọ́ títí yóò fi san ti àwọn yòókù." Ìyá yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n ohun tó sọ bá ẹ̀kọ́ Wahshi mu rẹ́gí.

Ọmọkùnrin náà ti ń jókòó lórí ẹní báyìí. Ilé méjì kò tíì forí jì í. A kò fi ipá mú wọn, a sì ń rán òun létí.

Ohun tí a rí kọ́

1. Béèrè ìdí kí o tó dájọ́. Ohun tí Paul Dini ṣe fún ọ̀daràn inú ìwé, ó yẹ kí á lè ṣe é fún ọmọ àdúgbò wa.

2. Bí o bá ti gbọ́ ìdí, má gbàgbé ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni tó káàánú aṣebi nìkan, òun náà ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

3. Túúbá ní òfin. Imam Nawawi kà á sínú Riyadus-Salihin: kí a jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀, kí a kábàámọ̀, kí a pinnu pé a kò ní padà síbẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn bá wà ńbẹ̀, kí a dá a padà tàbí kí a tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

4. Sunkún nídìí fíìmù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, torí Mr. Freeze kò jẹ wá lówó. Ẹni tó jẹ wá lówó, tó sì wá jókòó sí etí ẹní, òun ni yóò fi hàn bóyá a láàánú lóòótọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

(a) Ta ni ó wà ní àdúgbò yín tí gbogbo èèyàn mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìdí? Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ lọ bá a nílé.

(b) Bí ìwọ bá ni ìyá tó ta ewúrẹ́ mẹ́ta, kí ni o máa sọ?

(d) Èwo nínú òfin túúbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣòro jù, kí sì nìdí?

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú gba túúbá wa, kí ó fún wa ní ọkàn tí kò gan bíi yìnyín, kí ó sì jẹ́ kí á lè dá ẹ̀tọ́ padà fún oní ẹ̀tọ́ kí ọjọ́ tó lọ. Àmín. Ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo àsàlámà.